Ògiri Tí Bàbá Mi Fẹ̀yìn Tì

Káàdì kan wà nínú àpótí bàbá mi tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Aláwọ̀ ewé ni. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ màmá mi sí ìsàlẹ̀. Ọdún 27 ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà, nídìí ẹ̀rọ tó ń pariwo débi pé títí di òní, a gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè kí ó tó gbọ́ ohun tí a ń sọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní káàdì yìí kí òun àti màmá mi lè máa gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní kílíníìkì ilé-iṣẹ́ náà. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń jọ lọ gba oògùn, tí wọ́n á sì ra búrẹ́dì bọ̀ fún wa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, nígbà tí mo wà ní SS 2, wọ́n débẹ̀, wọ́n bá àgádágodo tuntun lẹ́nu géètì. Mẹ́gádì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Ó ní báńkì ti gba ilé-iṣẹ́ náà nítorí gbèsè, pé àwọn ti fi ẹnì kan síbẹ̀ tí yóò máa tà á láti fi san owó báńkì. "Rìsífà" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fi káàdì hàn án. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, káàdì yìí kò lè ṣí géètì." Bàbá mi ní kò sọ ọ́ bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jọ pé àánú wọn ṣe é.

Wọ́n yà sí kẹ́míìsì nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Oògùn 30 ọjọ́ ni wọ́n ti máa ń gbà. Ti ọjọ́ 7 ni owó ọwọ́ wọn ká. Láti ọjọ́ yẹn ni màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn rẹ̀ lónìí, kí ó fo ọ̀la. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A ò mọ̀, àfi ìgbà tí egbò kékeré kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, tí kò sì jinná fún oṣù mẹ́ta.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú láti ọjọ́ náà. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni iṣẹ́ kan tí wọ́n fún wa ní kíláàsì ìtumọ̀ ní ọdún kẹta. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú wá abala òfin kan tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ láìbéèrè ìbéèrè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú òfin ìgbéyàwó àti òfin ìrìnnà. Èmi ní kí n wá ohun tó bá ọ̀rọ̀ ilé wa mu. Bí mo ṣe ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kan òfin Amẹ́ríkà lórí àwọn tó wọko gbèsè. Abala 1114 nínú rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn ju ìtọ́jú ìlera àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lọ. Mo ka àkọlé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rò pé ẹnì kan ti jókòó kọ òfin lórí géètì tí wọ́n tì mọ́ àwọn òbí mi lójú.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Èkíní ni èyí tí à ń pè ní òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ń sọ pé ẹni náà ti kúrò, ó ti yẹ̀ sẹ́yìn. Tiwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Ẹni tó bá sì fẹ̀yìn ti nǹkan, nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ògiri náà, kò kan ṣubú lásán, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ gbèsè náà fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kọ "kógbá sílé," nítorí ohun tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn bí ilé-iṣẹ́ kan bá parí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Chapter 11 ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ìkógbásílé. Ilé-iṣẹ́ náà sá di kóòtù ni. Ó ń sọ fún adájọ́ pé: ẹ bá mi dá àwọn tí mo jẹ ní gbèsè dúró ná, kí n lè tún ara mi tò, kí n má baà kú. Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá ṣì wà lórí àga. Ìbéèrè tó kù ni pé, lásìkò títún ara ẹni tò yìí, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ jù sílẹ̀ nínú ọkọ̀?

Ìtàn bí òfin náà ṣe dé ló dáhùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1986, LTV, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ irin tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, sá di kóòtù. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló dá owó ìtọ́jú ìlera àti adójútòfò ẹ̀mí dúró fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rẹ̀ tí wọ́n tó 78,000. Àlàyé rẹ̀ ni pé gbèsè àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn, àti pé ẹni tó bá ti wọ kóòtù kò lè máa san gbèsè àtijọ́ fún àwọn kan kí ó fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣètò iṣẹ́ abẹ fún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà lára wọn. Ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní Medicare wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 65 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ irin sì ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé iye yẹn. Kódà ẹni tó ti pé 65 kò lè fi Medicare ìgbà náà ra oògùn tí yóò máa lò nílé. Ọdún 2006 ni ètò oògùn yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó wú mi lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ LTV tó wà ní Indiana Harbor da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Owó oṣù tiwọn kò tíì dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń lù lónìí, ibẹ̀ ni àwọn náà yóò jókòó sí lọ́la. LTV padà sí kóòtù láti gba àyè kí ó lè máa san owó ìtọ́jú náà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin onígbà díẹ̀ láti fi dí ihò náà, nígbà tó sì di ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1988, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu èyí tó dúró títí di òní.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí owó ìfẹ̀yìntì kò fi ní irú wàhálà yìí? Ìdí ni pé láti ọdún 1974 ni òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ERISA ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì máa kó owó rẹ̀ pa mọ́ sọ́tọ̀, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò san án dé ìwọ̀n kan bí ilé-iṣẹ́ bá kú. Kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera. Inú owó tó ń wọlé lójoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń san án. Ìlérí ni, kò ní àpótí. Ọjọ́ tí owó bá dẹ́kun wíwọlé, ìlérí náà di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ mi. Abala náà gùn, ó sì lọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u, ohun tí mo rí nìyí. Ilé-iṣẹ́ tó sá di kóòtù gbọ́dọ̀ máa san ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rẹ̀ lásìkò, bí ó ti ń san án tẹ́lẹ̀. Owó yẹn wà lára ìnáwó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san bí ẹjọ́ bá ṣe ń lọ, kì í ṣe gbèsè àtijọ́ tó ń tò sórí ìlà. Kò lè dín in kù, kò lè dá a dúró, àfi bí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì bá gbà tàbí tí adájọ́ bá pàṣẹ. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ti wà fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ náà ni aṣojú. Bí kò bá sí, kóòtù lè yan ìgbìmọ̀ kan láti àárín àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fúnra wọn.

Kí ilé-iṣẹ́ tó lè tọ adájọ́ lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé àbá rẹ̀ síwájú aṣojú yìí, kí ó ṣí ìwé owó rẹ̀ fún un láti yẹ̀ wò, kí wọ́n sì jókòó jíròrò pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Adájọ́ kò ní gbà fún ilé-iṣẹ́ àfi bí aṣojú bá kọ àbá náà láìnídìí tó yè kooro, àfi bí ìdínkù náà bá jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe aláìṣe kí ó tó lè dìde, àfi bí ìyà náà bá kárí gbogbo ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọdún 2005, wọ́n fi ọgbọ́n kan kún un: bí ilé-iṣẹ́ tí gbèsè ti bò mọ́lẹ̀ bá ti yára gé ìtọ́jú náà láàárín ọjọ́ 180 kí ó tó wọ kóòtù, adájọ́ lè dá a padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ti rí i pé àwọn kan á máa ṣe é lóru kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ilé ni mo ti parí iṣẹ́ náà. Nítorí pé olùkọ́ wa sọ pé kí òbí wa gbọ́ ọ, mo kà á fún bàbá mi. Mo gbé ohùn sókè, bí a ti máa ń ṣe. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì dákẹ́.

"Kà á padà, ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n jókòó."

Mo kà á.

"Ṣé àwọn àgbà náà fúnra wọn ni wọ́n máa bá jókòó?"

"Àwọn ni, Bàámi, tàbí ẹni tó dúró fún wọn."

Ó mi orí. Ó ní, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tiwa, wọ́n ti fá a tán kí a tó mọ̀ pé abẹ wà nílẹ̀."

Òwe tí bàbá mi pa yẹn ni mo fi ṣe àkọlé ìtumọ̀ mi, nítorí pé òun gan-an ni abala 1114. Òfin náà kò sọ pé owó kò ní tán. Ó kàn sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fá orí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn aṣòfin ilẹ̀ òkèèrè tí kò gbọ́ òwe wa rí ló fi òfin gbe òwe náà lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ dídùn máa ń tètè gbé lọ. Ó béèrè pé, "Lẹ́yìn tí wọ́n jókòó tán, ṣé wọ́n rí ìtọ́jú náà gbà?" Mo yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé mi ò tíì wádìí rẹ̀. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo rí kò dùn. Bethlehem Steel, ilé-iṣẹ́ irin tó ṣe irin fún afárá Golden Gate, sá di kóòtù ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Òfin wà, aṣojú wà, wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní ọdún 2003, ìtọ́jú ìlera àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àti ará ilé wọn tí wọ́n tó 95,000 dópin, pẹ̀lú àṣẹ adájọ́. LTV tí òfin náà tìtorí rẹ̀ wáyé padà wọ kóòtù ní ìparí ọdún 2000. Lọ́tẹ̀ yìí kò dìde mọ́. Wọ́n ta àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ìtọ́jú àwọn àgbà rẹ̀ sì tán ní ọdún 2002. Àga tí òfin fún ni láti jókòó kì í ṣe ìkòkò owó.

Síbẹ̀, àga náà kì í ṣe asán. Nígbà tí Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù àti kámẹ́rà, sá di kóòtù ní ọdún 2012, wọ́n yan ìgbìmọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ìtọ́jú náà dúró ní ìparí ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà ti fi ìjíròrò gba owó àti ẹ̀tọ́ nínú gbèsè ilé-iṣẹ́ náà dípò rẹ̀. Ká ní kò sẹ́ni tó jókòó, ọwọ́ òfo ni wọn ì bá bá lọ. Ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò tún kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ wọn, UAW, bá àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò ńlá ṣàdéhùn pé kí wọ́n kó owó ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sínú àpò kan tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Nígbà tí General Motors wọ kóòtù ní ọdún 2009, àpò yẹn ti ní orúkọ, ó ti ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tí GM tuntun jáde, ìdá 17.5 nínú 100 ìpín ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àpò àwọn àgbà. Àga wà, àpótí náà wà.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá, òun ló sì kàn mí jù. Visteon, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò, wọ kóòtù ní ọdún 2009. Ó fẹ́ dá ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rẹ̀ dúró, lára wọn ni àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fún un ní Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ó ní òun kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni jókòó, nítorí pé nínú ìwé tí òun kọ fún wọn, òun ti sọ pé òun lè dá a dúró nígbàkúùgbà tó bá wu òun. Àwọn adájọ́ kan ti gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ wọlé ṣáájú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Philadelphia sọ pé rárá. Wọ́n ní òfin kò yọ irú ìlérí kankan sílẹ̀. Bí ìwé ilé-iṣẹ́ tilẹ̀ fún un láyè láti dáwọ́ dúró, tó bá ti wọ kóòtù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dìde, mo lọ sídìí àpótí bàbá mi, mo mú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, JSS 1 ni mo wà. Bàbá mi ń ka Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, èmi ni mo sì máa ń gba ẹ̀bùn ìwé kíkà ní iléèwé. Òun ló ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun. Ohun méjì ni wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú rẹ̀: kó gba owó oṣù rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú parí, tàbí kó gba káàdì. Mo kà á fún un pé: bí ẹ bá gba káàdì, ilé-iṣẹ́ yóò máa tọ́jú ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Bàbá mi ní, "Ìlera lọrọ̀," ó sì mú káàdì.

"Yóò" kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. May ni. Ilé-iṣẹ́ lè máa tọ́jú wọn, bó bá ṣe rí i pé ó tọ́. Lẹ́tà mẹ́ta péré. Mo ti ń gba máàkì tó dára nínú ìtumọ̀ láti ọdún kìíní, èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi sì rèé, mo ṣì í, àwọn òbí mi ni wọ́n san owó rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò lè gbé ohùn sókè dáadáa, nítorí náà mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba lẹ́tà náà, ó fi ìka tẹ ibi tí mo ń sọ, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré tó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ kọ́ lo kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe." Ó tún ní, "Kà á fún àwọn tó kù."

Àwọn tó kù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní irú lẹ́tà kan náà. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, a sì pín in fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Agége. Wọ́n tó 20. Wọ́n bi mí bóyá a ní irú òfin Amẹ́ríkà yẹn nílé. Mo sọ ohun tó wà fún wọn. Láti ọdún 2004 ni òfin wa ti mú owó ìfẹ̀yìntì kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Lábẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ń dá ìdá 10 nínú 100, òṣìṣẹ́ ń dá 8, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí wọ́n ń kó o pa mọ́ sí. Bí ilé-iṣẹ́ bá kú, owó yẹn kò bá a kú. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, ka owó oṣù òṣìṣẹ́ sí ara ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san bí wọ́n bá ń tú ilé-iṣẹ́ ká. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ní kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì jókòó kí wọ́n tó ti kílíníìkì mọ́ wọn lójú.

Ohun tó kù fún wa ni adójútòfò ìlera. Òfin NHIA ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká a. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Ìlera Èkó ni ti Èkó ń jẹ́. Bàbá mi àti màmá mi ti wà lórí rẹ̀ báyìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi là ń dá owó rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé káàdì náà kò so mọ́ géètì ẹnikẹ́ni.

Ìpàdé abẹ́ igi máńgòrò yẹn kò tú ká lásán. Wọ́n yan ẹni mẹ́ta, wọ́n ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà sí rìsífà. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n béèrè. Mo rò pé owó ni wọ́n máa sọ. Màmá àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ran aṣọ ní, "Kí wọ́n fún wa ní fáìlì wa." Gbogbo ohun tí dókítà ti kọ nípa wọn láti ọdún gbọọrọ wà nínú kílíníìkì tí wọ́n tì pa. Ibikíbi tí wọ́n bá lọ, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kìíní.

Oṣù mẹ́rin ni a fi ń kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n tó dá wa lóhùn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ṣí géètì fún wákàtí méjì, wọ́n kó fáìlì náà jáde sórí tábìlì kan, wọ́n ń pe orúkọ. Eku ti jẹ ti àwọn kan. Ti bàbá mi pé. Ó nípọn tó Bíbélì, ọwọ́ dókítà oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀. Ti màmá mi wà nínú rẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni dókítà rẹ̀ tuntun ti rí i pé oògùn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ ti kọ̀ nígbà kan rí. Wọ́n yí i padà. Egbò ẹsẹ̀ yẹn ti jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá rẹ̀ dúdú.

Ohun tí a rí gbà kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe owó, a ò sì borí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a ò bá má rí i gbà bí a ò bá jókòó béèrè.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń múra láti jáde, lẹ́tà iṣẹ́ yóò dé sọ́wọ́ yín láìpẹ́. Ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí ni gbogbo wa yóò kọ́kọ́ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìlera, kí ẹ wò ó bóyá "yóò" ni wọ́n kọ tàbí "lè," kí ẹ sì béèrè ibi tí owó rẹ̀ wà. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ̀yin lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ lẹ́tà yẹn fún bàbá ẹlòmíràn.

Àti gbogbo wa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè níbí: ẹnì kan wà nílé báyìí tó ń dúró kí ọmọ rẹ̀ dé wá ka ìwé kan fún un. Ẹ fara balẹ̀ kà á.